Nọ́ọ̀tì Kékeré Lára Bàálù Eré: Ìtàn The Galloping Ghost

 Bí ẹ bá ń gbọ́ mi nínú mọ́tò, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ká yín mọ́, ẹ kú sùúrù. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń kà á ni, nítorí pé dátà ti tán, ẹ má ṣèyọnu, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí afẹ́fẹ́ ló wà níbí.

Ọ̀rọ̀ bàálù ni mo gbé wá lónìí. Èyí tí mo fẹ́ sọ kò gbé èrò rí. Bàálù ogun ni, ọ̀kan lára irú èyí tí wọ́n rọ láti fi bá Jámánì jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gé e, wọ́n tún un tò, wọ́n sọ ọ́ di bàálù eré sísá. Orúkọ rẹ̀ ni The Galloping Ghost. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011, ó já lulẹ̀ níwájú àwọn òǹwòran ní ìlú Reno, ní ìpínlẹ̀ Nevada, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ènìyàn 11 ló kú: awakọ̀ rẹ̀, àti ènìyàn 10 tó wá wòran. Àwọn tó farapa ju 60 lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn pé, "Ìwọ náà wò ó, kí ni wọ́n ń wá kiri? Ẹni tó bá ń sáré kiri ojú ọ̀run, ikú ló ń wá." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí tú ọ̀rọ̀ yẹn dé ìdí, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kéré débi pé ó lè wọ àpò ṣòkòtò yín. Nọ́ọ̀tì ni. Nọ́ọ̀tì, àti àwọn ìwé kan tó yẹ kí wọ́n kọ tí wọn kò kọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un látilẹ̀.

Bàálù tí wọ́n ń pè ní P-51 Mustang, ilé iṣẹ́ North American Aviation ló ṣe é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn ní ọdún 1940. Ó dára níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lókè réré. Ìgbà tí wọ́n wá fi ẹ́ńjìnnì Merlin sí i ni ayé mọ̀ ọ́n. Rolls-Royce ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ni Merlin, ilé iṣẹ́ Packard sì ń bá wọn rọ ọ́ ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, Mustang lè tẹ̀ lé àwọn bàálù ńlá tó ń ju bọ́ǹbù wọ àárín gbùngbùn Jámánì, kó máa ṣọ́ wọn lọ, kó sì tún ṣọ́ wọn bọ̀. Wọ́n rọ èyí tó ju 15,000 lọ. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní P-51D lè sá tó nǹkan bí 437 máìlì láàárín wákàtí kan, ìyẹn bí 700 kìlómítà.

Ogun parí. Kí ni ìjọba fẹ́ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ogun ṣe? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n fọ́ di irin àlòkù. Àwọn yòókù, wọ́n tà wọ́n bí ọjà gbàǹjo. Àwọn awakọ̀ tó ti ojú ogun dé rà wọ́n, wọ́n sì gbé wọn lọ sáré ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio. The Galloping Ghost wà lára wọn. Ọdún 1944 ni wọ́n rọ ọ́, nígbà tó sì di 1946, eré ló ń sá.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Cleveland yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí a máa padà sí i. Ní ọdún 1949, Mustang mìíràn wà tó ń jẹ́ Beguine. Wọ́n ti yí i padà gan-an: wọ́n yọ rédíétọ̀ rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ ikùn, wọ́n gbé e lọ sí ṣóńṣó ìyẹ́ méjèèjì. Bill Odom ló wà á. Ó lókìkí nítorí àwọn ìrìn àjò gígùn tó ti fi bàálù rìn, ṣùgbọ́n eré àyípo lórí òpó kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sáré lọ́wọ́, bàálù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì já lu ilé kan. Odom kú. Obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ jòjòló kú pẹ̀lú. Ilé wọn ni wọ́n jókòó sí o! Wọn ò ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò wá wòran. Bí eré àwọn bàálù ńlá ṣe parí ní Cleveland nìyẹn.

Ó di ọdún 1964 kí Bill Stead tó tún un dá sílẹ̀ ní Reno, nínú aṣálẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: wọ́n ri àwọn òpó mọ́lẹ̀ yíká, àwọn bàálù á máa yí wọn po, wọn ò ní fò jìnnà sílẹ̀, ìyẹ́ wọn á dà gẹ̀rẹ̀ bíi ti àwòdì tó rí adìẹ. Ìsọ̀rí kan wà tí wọ́n ń pè ní Unlimited. Ibẹ̀ ni àwọn bàálù ogun àtijọ́ ti ń figa gbága.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ń bí nínú. Wọ́n ní bàálù tó jagun fún orílẹ̀-èdè, inú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló yẹ kó wà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gé ìyẹ́ rẹ̀. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti bàálù kan tó ń jẹ́ Rare Bear. Bearcat ni, bàálù ogun tí ilé iṣẹ́ Grumman ṣe. Ní ọdún 1969, Lyle Shelton rí i níbi tí wọ́n pa á tì sí, tó ti di ìdọ̀tí. Ó tún un tò, ó fi ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, nígbà tó sì di 1989, Rare Bear sá ju 528 máìlì láàárín wákàtí kan. Bí kì í bá ṣe ti eré ni, àlòkù irin ni ì bá jẹ́ títí di òní. Nítorí náà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà pé ó tún bàálù àtijọ́ ṣe. Bí ó ṣe tún un ṣe ni mo fẹ́ ká wò.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Galloping Ghost. Ọwọ́ Jimmy Leeward ló wà. Kì í ṣe ọmọ àná nídìí iṣẹ́ yìí o. Ẹni ọdún 74 ni, ó ti sáré ní Reno ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó sì ti wa bàálù nínú fíìmù. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ọdún díẹ̀ tún bàálù yìí ṣe, wọ́n sì gbé e padà sí Reno ní ọdún 2010.

Kí ni wọ́n ṣe sí i? Àkọ́kọ́, wọ́n gé ìyẹ́ rẹ̀ kúrú. Mustang gidi, láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 37 ni. Ti Ghost kò ju nǹkan bí 29 lọ mọ́. Ìyẹ́ tó kúrú kì í fa afẹ́fẹ́ sẹ́yìn tó èyí tó gùn. Ìkejì, wọ́n sọ ìbòrí gíláàsì tó wà lórí awakọ̀ di kékeré, kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè yọ̀ lórí rẹ̀.

Ìkẹta ló ya èmi lẹ́nu jù. Ẹ mọ̀ pé rédíétọ̀ Mustang máa ń yọ síta lábẹ́ ikùn bí ẹni tó lóyún. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò! Báwo ni ẹ́ńjìnnì á ṣe wá máa tutù? Wọ́n gbé táǹkì omi sínú bàálù, wọ́n jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì máa gba inú táǹkì náà kọjá. Omi inú táǹkì á hó, ooru á bá èéfín rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá ti gbé ìkòkò kaná rí, ó yé yín: níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú ìkòkò, ìkòkò kò ní jóná. Tí omi bá tán, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Eré Reno kì í pẹ́, nítorí náà omi yẹn tó.

Ìkẹrin kò hàn sí ẹnikẹ́ni tó wà níta. Níbi ìrù bàálù, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, pátákó kan wà tó ń gbé imú bàálù sókè tàbí sódò. Létí pátákó kọ̀ọ̀kan, nǹkan kékeré kan tún wà bí ilẹ̀kùn, òun ni wọ́n ń pè ní trim tab. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ran awakọ̀ lọ́wọ́, kó má bàa jẹ́ pé agbára apá rẹ̀ nìkan ni yóò máa fi di bàálù mú. Bí Mustang bá ṣe ń sáré sí i, bẹ́ẹ̀ ni imú rẹ̀ ṣe ń fẹ́ gbéra sókè. Trim tab ló ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Lára Ghost, wọ́n de ti apá ọ̀tún pa, kò lè mì mọ́. Ti apá òsì nìkan ló wá ń ṣiṣẹ́ tó yẹ kí méjì ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi páànù òrùlé ṣàlàyé ohun tó kàn. Bí ìjì bá ń jà, tí páànù yín sì kàn mọ́lẹ̀ dáadáa, ó lè pariwo, kò ní ṣí. Ṣùgbọ́n bí ìṣó kan bá ti dẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ rẹ̀, á gbé e sókè, á tún gbá a sílẹ̀, pà-pà-pà-pà. Bó ṣe ń gbọ̀n ni ìṣó tó kù ń dẹ̀ sí i. Kò ní pẹ́ tí páànù ọ̀hún á fi wà ní àgbàlá aládùúgbò. Irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀ lè mú ara bàálù náà, tó bá ń sáré gan-an tí nǹkan kan lára rẹ̀ sì ti dẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rọ ń pè é ní flutter.

Kí ló wá dẹ̀ lára Ghost? Àwọn ìṣó tó mú trim tab yẹn mọ́ ìrù. Irú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi de ìṣó wọ̀nyẹn ní òrùka kékeré nínú, tí kì í ṣe irin, tó máa ń fún ìṣó pinpin kó má bàa tú fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ mọ̀ pé bí ọwọ́ lásán bá ti lè yí irú nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òrùka inú rẹ̀ ti jẹ, kò sì gbọ́dọ̀ padà sára bàálù. Àwọn tó wà lára Ghost ti gbó, òrùka inú wọn ti jẹ. Ìṣó dẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sán díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn, kí ọjọ́ 16 yẹn tó dé rárá.

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọjọ́ náà pé. Ìyípo kẹta ni wọ́n wà. Ghost ń sá ju 500 máìlì lọ láàárín wákàtí kan, ó yára ju bó ṣe ti yára rí ní pápá yẹn. Gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀ níbi ìrù. Irin tó so trim tab òsì mọ́ ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ já. Bàálù dà sí ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́yìn náà ló gbé imú sókè fàì. Agbára tó tẹ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó 17.3 G. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí ọkùnrin kan bá wúwo tó kílò 80, lójú ẹsẹ̀ yẹn, ó wúwo ju kílò 1,380 lọ. Bí ẹni gbé odindi Corolla lé e láyà. Ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lórí, èèyàn kò sì ní mọ ohunkóhun mọ́. Fọ́tò tí àwọn òǹwòran yà fi hàn pé bàálù ṣì wà lókè nígbà tí orí awakọ̀ kò hàn mọ́ níbi ìjókòó rẹ̀. Láti ìgbà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgbà tó balẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 9 ni. Àárín ibi tí àwọn ènìyàn jókòó sí níwájú ló já sí.

Mo ń ṣe iṣẹ́ ohùn àti àwòrán, nítorí náà apá kan wà tó máa ń dúró sí mi lọ́kàn: fọ́tò àti fídíò tí àwọn tó wá ṣe fàájì fi ọwọ́ ara wọn yà wà lára ohun tó ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́ láti mọ ohun tó kọ́kọ́ já.

NTSB ni àjọ ìjọba tó ń wádìí irú ìjàm̀bá báyìí ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2012, wọ́n gbé àbájáde wọn síta. Nọ́ọ̀tì tó ti jẹ, ìṣó tó dẹ̀, gbígbọ̀n, irin tó já. Wọ́n wá fi ohun méjì tó dá kún un kún un: àwọn àyípadà ńlá tí wọ́n ṣe sí bàálù láì kọ wọ́n sílẹ̀, tí wọn kò sì dán wọn wò, àti pé wọ́n gbé e wọ eré láì tíì fò ó wò tó. Òfin ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyípadà ńlá sí irú bàálù yẹn kọ̀wé sí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, kó tó fò. Ìwé kan ṣoṣo ni àwọn olùwádìí rí. Ọ̀rọ̀ táǹkì omi tó ń hó yẹn ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ìwé nípa ìyẹ́. Kò sí ìwé nípa ìrù.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ọdún 13 ṣáájú, ìyẹn 1998, Mustang eré mìíràn tó ń jẹ́ Voodoo ń sáré ní Reno yìí kan náà. Bob Hannah ló wà á. Trim tab òsì rẹ̀ já, bàálù gbé imú sókè fàì, agbára tó ju 10 G tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì dákú. Nígbà tó máa fi ta jí, ó ti wà lókè tó ju ẹsẹ̀ bàtà 9,000 lọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́: ó gbá bàálù mú, ó sì gúnlẹ̀ láìfarapa. Ìrù kan náà, apá kan náà, pápá kan náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀run ni imú Voodoo kọ sí nígbà tí awakọ̀ rẹ̀ dákú. Wọ́n ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun yìí ti wí tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi báyìí, kí ẹ sì bá mi jà tó bá yẹ.

Àwọn kan ní eré ni eré, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ mọ̀ pé ikú wà ńbẹ̀. Lóòótọ́ ni, fún awakọ̀. Leeward mọ ohun tó ń wà. Ó mọ̀ pé ìyẹ́ kúrú, ó mọ̀ pé rédíétọ̀ kò sí. Ẹ̀mí rẹ̀ ni, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ta tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí àga pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ gbà pé ẹnìkan ti yẹ bàálù yẹn wò. Kò mọ̀ pé trim tab kan ni wọ́n dè pa. Kò lè mọ̀, nítorí kò sí níbi kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Obìnrin Cleveland yẹn kò tilẹ̀ mọ ohun tí bàálù ń jẹ́ kó tó wọ inú ilé rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé mo ní kí wọ́n má yí bàálù padà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé tí a ń kọ nígbà tí a bá yí ẹ̀rọ padà, tí gbogbo wa ń rò pé wàhálà ọ́fíìsì lásán ni, òun nìkan ni ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní. Bí o bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Mo de ọ̀kan pa," ẹlẹ́rọ mìíràn lè kà á kó sọ pé, "Dúró ná, ẹrù méjì ti wá wà lórí ọ̀kan o, ẹ tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò." Bí kò bá sí ní kíkọ, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífò ó wò. Bí o bá máa sá ju 500 máìlì níwájú èrò, ó yẹ kí o ti sá a tẹ́lẹ̀ níbi tí kò ti sí èrò.

Ohun tí NTSB náà sì dámọ̀ràn kò jìnnà sí èyí. Wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́rọ máa yẹ bàálù tí wọ́n bá yí padà wò, kí wọ́n sì fò ó wò kó tó wọ eré. Wọ́n ní kí wọ́n tún ojú ọ̀nà eré náà wò, kí wọ́n sì kọ́ àwọn awakọ̀ bí ara ṣe lè kojú agbára G. Eré padà sí Reno ní 2012.

Ẹ wá gbọ́ ti Voodoo, èyí tí trim tab rẹ̀ já ní 1998. Wọn kò gbé e jù sílẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2017, Steven Hinton Jr. gbé e fò ní ìpínlẹ̀ Idaho, níbi tí kò ti sí ìjókòó òǹwòran. Ó sá ju 531 máìlì láàárín wákàtí kan, ó yára ju Rare Bear lọ, ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Ìrù tó fẹ́ pa awakọ̀ kan ní 1998 ló gbé awakọ̀ mìíràn lọ gba ipò yẹn.

Eré Reno fúnra rẹ̀ parí ní ọdún 2023. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, bàálù méjì kọlu ara wọn lẹ́yìn eré, awakọ̀ méjèèjì sì kú. Wọ́n ti kó eré náà lọ sí Roswell, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn á tún máa ké níbẹ̀, àwọn ènìyàn á sì gbé ọmọ wọn lọ wòran. Èmi náà, bí mo bá rí tíkẹ́ẹ̀tì, mà á lọ. Ṣùgbọ́n mà á béèrè ibi tí ìjókòó mi wà kí n tó sanwó.

Ó dọwọ́ yín báyìí. Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin ẹlẹ́rọ tó ń gbọ́ wa, ṣé ẹ máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá yí nǹkan padà lára ẹ̀rọ oníbàárà? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, a máa gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.